Àwọ̀ Wo, Fọ́ǹtì Wo? Ìdáhùn Fún Àǹtí Aláṣọ Tó Tún Wẹ́bùsáìtì Ẹ̀ Ṣe

Ìbéèrè tó wọlé: “Ẹ ǹ lẹ́ o, bọ̀dá. Àdìrẹ àti aṣọ òkè ni mò ń tà, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àmọ́ àwọn tó wà lókè òkun ló ń rajà jù lórí wẹ́bùsáìtì wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí dísáínà kan bá wa tún un ṣe ni. Ó fi àwọ̀ aró kun gbogbo ẹ̀, ó fi góòlù kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí, ó wá lo lẹ́tà tó dà bí èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ fún àwọn àkọlé. Ó rẹwà lójú mi. Àmọ́ látìgbà yẹn làwọn ìyá àgbà ti ń pè mí pé àwọn ò rí iye owó kà, àwọn kan ní àmì orí ọ̀rọ̀ ń fò kiri, ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní aṣọ tó dé ọwọ́ òun kọ́ lòun rí lórí fóònù. Dísáínà ní fóònù wọn ni ò dáa. Dísáínà mìíì ní kí n lo búlúù àti funfun, pé búlúù ló ń jẹ́ káwọn èèyàn fọkàn tánni tó bá dọ̀rọ̀ owó. Ọmọ mi obìnrin ní kí n sọ gbogbo ẹ̀ di dúdú bíi ti àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ilẹ̀ òkèèrè. Àwọ̀ wo ló tọ́, fọ́ǹtì wo ló tọ́? Mi ò lówó àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kejì o.”

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o. Mo wo wẹ́bùsáìtì náà lórí fóònù, mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, kí n tó máa dá yín lóhùn. Àwọ̀ tó tọ́ tẹ́ ẹ bi mí yẹn, òun gan-an ló kéré jù nínú wàhálà yìí. Ẹjọ́ mẹ́ta làwọn kọ́sítọ́mà yín ń rò fún yín, wọn ò sì jọra wọn rárá: àwọn kan ò rí ọ̀rọ̀ kà, àwọn kan rí i kà àmọ́ lẹ́tà Yorùbá ń fọ́ mọ́ wọn lójú, ẹnì kan sì rí gbogbo ẹ̀ kedere àmọ́ aṣọ tó rà kọ́ ló rí. Tẹ́ ẹ bá fi búlúù rọ́pò aró lọ́la, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣì wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di dúdú, ọ̀kan nínú wọn á tún le sí i, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá débẹ̀. Ti dísáínà yín tó ní fóònù wọn ni ò dáa, kò kúkú purọ́ tán, fóònù tí ò dáa pọ̀ nígboro, àmọ́ fóònù yẹn náà ni wọ́n fi ń sanwó fún yín, a ò sì lè ra òmíì fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún yín. Nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, gbogbo lẹ́tà ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, ètò tí gbogbo ayé jọ ń lò fún un ni wọ́n ń pè ní Unicode. Lẹ́tà à ní nọ́ńbà, é ní tiẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ náà, kálukú ló ní. Àmọ́ ẹ tó bá ní àmì ohùn lórí, ìyẹn ẹ́ tàbí ẹ̀, àti ọ́ tàbí ọ̀, wọn ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni wọ́n máa ń tò pọ̀, ti ẹ á ṣáájú, ti àmì ohùn á tẹ̀ lé e, fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí wọ́n yàn, ló wá máa gbé àmì yẹn lé orí lẹ́tà níbi tó yẹ kó jókòó sí. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ ti fi ibi ìjókòó yẹn sí i. Tí kò bá fi sí i, àmì á kàn lọ síbi tó bá bọ́ sí, nígbà míì á gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, nígbà míì á dúró gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà míì ẹ ò ní rí àmì kankan, àpótí òfìfo lẹ máa rí. Ìdí nìyẹn tí “àdìrẹ” fi máa ń jáde dáadáa lórí wẹ́bùsáìtì yín, tí “ẹlẹ́kọ” (àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wá dà rú, torí inú “àdìrẹ” kò sí lẹ́tà kankan tó nílò nọ́ńbà méjì. Mo fẹ̀ ẹ́ sí i lórí fóònù mi kí n lè rí i dáadáa, àmì tó yẹ kó wà lórí ẹ kejì nínú “ẹlẹ́kọ” ti sún lọ sórí k.

Ẹ tún wo àkọlé yín tó sọ pé “Aṣọ Òkè”. A àti ọ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ṣ dúró ṣánṣán láàárín wọn, ó sanra, ó ga jù wọ́n lọ, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn á wò ó tá á mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Ohun tó fà á nìyí. Àwọn ará Vietnam náà máa ń kọ ẹ àti ọ, àmì ìsàlẹ̀ yẹn wà nínú èdè tiwọn pẹ̀lú, àmì ohùn ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló sì ti ń ro tiwọn mọ́ iṣẹ́ látilẹ̀. Torí náà, tá a bá rí fọ́ǹtì tó gbé ẹ àti ọ wa dáadáa, àwọn ará Vietnam la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rántí Yorùbá. Àmọ́ ṣ ò sí nínú èdè tiwọn. Fọ́ǹtì tó bá dúró síbẹ̀ ò ní ní ṣ, bùráúsà, ìyẹn ètò téèyàn fi ń ṣí wẹ́bùsáìtì, á wá lọ yá ṣ nínú fọ́ǹtì mìíì kó má bàa fi àpótí òfìfo síbẹ̀. Àmì náírà náà máa ń rí irú ìyà yìí, ₦ á jáde ní ìrísí kan, nọ́ńbà á jáde ní ìrísí mìíì, lójú ìwé tó jẹ́ pé owó lèèyàn wá wò. Google Fonts tí àwọn dísáínà máa ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pín fọ́ǹtì kan náà sí fáìlì mélòó kan: ẹ àti ọ wà nínú èyí tí wọ́n ṣe fún Vietnam, ṣ àti ₦ wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní latin-ext. Bí wọ́n bá so ó tààrà látọ̀dọ̀ Google, bùráúsà á mú èyí tó bá nílò fúnra ẹ̀, tí fọ́ǹtì yẹn bá ní wọn. Àmọ́ dísáínà tó bá fẹ́ kí nǹkan yára, á wa fáìlì latin nìkan jáde, á gbé e sórí sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́bùsáìtì yín dúró, gbogbo ìyókù á di àwátì. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dán an wò ni.

Báyìí, ẹ má bi dísáínà pé ṣé fọ́ǹtì ẹ̀ gba Yorùbá, á ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn ló máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fún un ní gbólóhùn kan kó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ níwájú yín. Èyí tí mo máa ń lò ni “Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun ra ọ̀ṣọ́ ẹlẹ́kọ ní ₦45,000, Ọ́yẹ̀ǹmọ́ ò mọ̀.” Kò ní ìtumọ̀ gidi kan, Ọ́yẹ̀ǹmọ́ gan-an, mo kàn ṣẹ̀dá ẹ̀ ni, torí kí lẹ́tà ńlá tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lè wà níbẹ̀. Kó tẹ̀ ẹ́ ní kékeré, kó tẹ̀ ẹ́ ní ńlá fún àkọlé, kó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tó nípọn, torí fọ́ǹtì míì wà tó jẹ́ pé lẹ́tà wẹ́rẹ́ ẹ̀ pé, èyí tó nípọn ò pé. Kẹ́ ẹ wá wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ní kí n dárúkọ èyí tó ti mọ́ mi lọ́wọ́, Noto Sans àti Noto Serif ti Google gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Àjọ SIL tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ èdè náà ní Gentium, Charis àti Andika, ọ̀fẹ́ làwọn náà, ibi ìjókòó àmì ohùn pé nínú wọn. Andika pàápàá, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni wọ́n ro tó fi jẹ́ pé lẹ́tà ẹ̀ là yàtọ̀ sí ara wọn gan-an, kò rẹwà bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín o, àmọ́ àwọn ìyá tó ń pè yín á dúpẹ́. Fún ṣọ́ọ̀bù aṣọ, èmi á fi Gentium ṣe àkọlé, màá fi Noto Sans ṣe ìyókù. Ẹlòmíì á yan òmíì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan tún wà táwọn dísáínà tó ń lo iPhone kì í rántí. Bùráúsà kan tó ń jẹ́ Opera Mini wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn nílé níbí, tí wọ́n bá sì ti gbé e sórí ètò ìdínkù dátà tó le jù, kì í gbé fọ́ǹtì tẹ́ ẹ yàn wá rárá, èyí tó wà lórí fóònù ló máa lò. Gbogbo owó tẹ́ ẹ san lórí lẹ́tà olówó ńlá yẹn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò rí i rí. Kẹ́ ẹ ní kó pa Opera Mini tì kọ́ ni mò ń sọ, kẹ́ ẹ kàn rí i pé wẹ́bùsáìtì náà ṣì ṣe é kà tí fọ́ǹtì yín ò bá dé ni. Dísáínà lè yọ fọ́ǹtì náà kúrò fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ jọ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ṣì wà nípò.

Lẹ́tà tó dà bí àfọwọ́kọ yẹn ńkọ́? Mo mọ ìdí tó fi wù yín, iṣẹ́ ọwọ́ lẹ̀ ń tà, ó bọ́gbọ́n mu pé kí lẹ́tà náà jọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ fi sí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín lókè pátápátá, kó dúró síbẹ̀. Ibẹ̀, wọ́n lè yà á bí àwòrán, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ fọwọ́ to àmì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí bùráúsà tó máa dà á rú mọ́. Àmọ́ tó bá ti di orúkọ aṣọ, ìwọ̀n, iye ọ̀pá, bí wọ́n á ṣe fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kà kó tó sanwó nìyẹn, kò yẹ ká máa fi ṣe oge. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré ibẹ̀ tó píksẹ́lì 16, ìyẹn bí bùráúsà ṣe máa ń gbé ọ̀rọ̀ jáde tẹ́nikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, 18 á tún dáa sí i fún àwọn oníbàárà yín. Fọ́ọ̀mù ọ́dà yín lórí iPhone, ṣé ẹ rí i bó ṣe máa ń fò súnmọ́ èèyàn lójijì téèyàn bá tẹ àpótí tí wọ́n ń kọ orúkọ sí? Ìwọ̀n lẹ́tà inú ẹ̀ ló dín sí 16, Safari, bùráúsà orí iPhone, ló ń fẹ̀ ẹ́ kí èèyàn lè rí i. Àlàfo láàárín ìlà kan sí ìkejì náà ṣe pàtàkì fún Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí tiwa ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá fún ìlà pọ̀ bí wọ́n ṣe fún ti yín, àmì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ òkè àti àmì ohùn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á máa kọlu ara wọn. Kó fi sí ìlọ́po 1.6 tàbí 1.7 ìwọ̀n lẹ́tà. Kó sì ti ìlà abẹ́ líǹkì sísàlẹ̀ díẹ̀, torí ìlà yẹn ló gun orí àmì ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, “ọjà” wá ń jáde bí “ojà”.

Ó wá kan àwọn ìyá àgbà àti iye owó. Àjọ W3C tó ń to ìlànà wẹ́ẹ̀bù ní òdiwọ̀n kan fún bí àwọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ìyẹn kí méjèèjì jẹ́ ohun kan náà, ó parí sí 21, ìyẹn dúdú lórí funfun. Ọ̀rọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ tó 4.5 ó kéré tán, ọ̀rọ̀ ńlá lè jẹ́ 3. Ẹ ò ní ṣe ìṣirò kankan, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa fi kódù àwọ̀ méjì sí i, á gbé nọ́ńbà jáde. Mo fi tiyín sí i. Góòlù tí dísáínà yín lò, #FFD700, lórí aró ẹ̀, #4B0082, ju 9 lọ. Ó dáa gan-an! Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé góòlù lórí aró ò ṣe é kà, kò wò ó dáadáa. Ohun tó ń pa á ni pé lẹ́tà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó kéré jù, oòrùn ọ̀sán sì wà, ojú ẹni tó ti lé ní 40 ọdún sì ti ń ro tiẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ kékeré. Tó bá sanra sí i, góòlù yẹn lè dúró lókè wẹ́bùsáìtì yín. Àmọ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ níbi táwọn aṣọ wà. Dísáínà fi àpótí funfun gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó wá fi góòlù kan náà yẹn kọ iye owó sínú funfun. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti já sí 1.4. Iye owó gan-an lẹ fi pa mọ́ fún ẹni tó fẹ́ sanwó! Ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ fi aró kọ ọ́ sórí funfun, nọ́ńbà á fẹ́ẹ̀ tó 13, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ eérú tí wọ́n fi kọ iye ọjọ́ tí ẹrù máa dé náà, #777777 ni, 4.48 ló jẹ́ lórí funfun, ó kùnà. Tí wọ́n bá lo #767676, á di 4.54, á yege. Ojú èèyàn ò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dísáínà máa fi ìyẹn jà yín níyàn, kó kàn lo eérú tó dúdú jùyẹn lọ.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, #4B0082 yẹn, kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ lórúkọ aró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti inú ìkòkò aró yọ aṣọ rí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tẹ́ ẹ fi èlú rẹ, ẹ wò ó. Elésè àlùkò ló sún mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ aró gidi lójú wẹ́bùsáìtì yín, ẹ ya fọ́tò aṣọ yín nínú ibòji lọ́sàn-án, kí dísáínà mú kódù látinú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ búlúù pé ó ń jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán yín, mi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ti sọ ọ́ títí ó ti di òfin lẹ́nu àwọn dísáínà. Ẹ kàn wo àyíká yín: pupa ni Zenith, ọsàn ni GTBank, òféfèé ni MTN, ṣé owó ò sí lọ́dọ̀ wọn ni? Facebook tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, Zuckerberg tó dá a sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ti sọ pé ojú òun kì í rí pupa àti àwọ̀ ewé dáadáa, búlúù lòun ń rí jù. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán aláṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí iye owó hàn, kí nọ́ńbà fóònù wà, kí fọ́tò jẹ́ òótọ́, kí àkọtọ́ má fọ́. Ẹni tó rí “ẹlẹ́kọ” tó dà rú lójú ìwé yín ti ń rò ó pé bóyá ayédèrú ni wọ́n. Mi ò ní àwọ̀ kankan tó lè tún ìyẹn ṣe. Òótọ́ kékeré kan wà nínú ọ̀rọ̀ dísáínà yẹn ṣá o, ìyẹn ni pé búlúù àti funfun ṣòro láti bà jẹ́, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lò gan-an kì í fi ṣe aburú púpọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ pọ̀ sí jù lójú tèmi nìyí, ẹjọ́ ará Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin ará Faransé kan wà nígbà kan, Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìrẹṣọ nílé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ aláwòrán tí wọ́n máa ń fi kọ́ ara ògiri. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé dúdú tí wọ́n ń rẹ níbẹ̀ kì í dúdú dáadáa. Chevreul yẹ aró dúdú náà wò, kò rí nǹkan kan tó ṣe é. Ó wá rí i pé búlúù àti elésè àlùkò tí wọ́n ń hun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń mú kí ojú rí dúdú náà bíi pé ó ti ṣá. Ní 1839 ló tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọ̀ méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n lọ́jà tipẹ́, ẹ kì í tẹ́ sányán (aṣọ òkè tó dà bíi yanrìn) lé orí àlàárì (èyí tó pupa) fún ẹni tó fẹ́ mọ àwọ̀ sányán gan-an. Àmọ́ wẹ́bùsáìtì yín ń ṣe é. Sányán tó wà láàárín aró tó dúdú á mọ́lẹ̀ sí i, á pọ́n díẹ̀, á dà bí oyin. Nígbà tó bá wá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì funfun, á padà sí àwọ̀ ara ẹ̀, wọ́n á ní ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ bi oníbàárà yẹn léèrè irú aṣọ tó rà. Tó bá jẹ́ látinú àwọn fọ́tò ńlá òkè pátápátá tí aró yí ká ló ti rí i, ó ti yé yín nìyẹn.

Ìdí tí mi ò fi bá ọmọ yín lọ sídìí dúdú náà nìyí. Dúdú máa ń rẹwà fún góòlù, fún bàtà funfun, fún àwọn tó ń ta wáìnì. Ẹ̀yin ń ta ẹtù, aṣọ òkè aláró. Ẹtù tí wọ́n rẹ dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí dúdú, etí aṣọ á pòórá, ojú ò ní mọ ibi tí aṣọ parí sí, ìlà funfun wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ nìkan á máa léfòó. Inú àdìrẹ náà, funfun tí ẹ̀kọ kò jẹ́ kí aró wọ̀ nìkan lèèyàn á rí. Funfun, tàbí eérú tó fúyẹ́ gan-an tí kò ní búlúù tàbí pupa nínú, ló yẹ kó wà lẹ́yìn fọ́tò aṣọ yín, gbogbo wọn pátá. Tí dúdú bá wu ọmọ yín púpọ̀, ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí àdírẹ́sì wà.

Fọ́tò fúnra ẹ̀ tún ní ẹ̀bi tiẹ̀, ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀ ru dísáínà. Kámẹ́rà fóònù máa ń fúnra ẹ̀ ro bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí, tí aró bá kún gbogbo ojú ẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló ní búlúù jù, á wá yí gbogbo àwọ̀ padà kó lè “tún un ṣe”. Ẹ tẹ́ bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ kó hàn nínú fọ́tò, ẹ gé e kúrò lẹ́yìn náà. Ẹ yà á nínú ibòji lọ́sàn-án, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, mi ò lè ṣèlérí fún yín pé ará Lọ́ńdọ̀nù á rí ohun tẹ́ ẹ rí, torí fóònù míì máa ń mú àwọ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn èèyàn sì máa ń tan ìmọ́lẹ̀ pípọ́n lálẹ́ kí ojú wọn lè sinmi. Kò sí wẹ́bùsáìtì tó lè borí ìyẹn. Fún aṣọ olówó ńlá, aṣọ ìyàwó àti ẹbí, ẹ gé ègé kékeré fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó tán.

Ní ti owó tẹ́ ẹ ní ẹ ò ní, ẹ ò nílò àtúnṣe tuntun. Bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni kí wẹ́bùsáìtì yín rí, aṣọ ni kí ojú rí, kó má rí okùn. Kí dísáínà kọ́kọ́ pààrọ̀ fọ́ǹtì àkọlé àti ti ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kó sọ ẹ̀yìn fọ́tò di funfun kó sì fi aró kọ iye owó, lẹ́yìn náà kó fi àwọ̀ kan ṣoṣo sí gbogbo bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti rà. Ó lè jẹ́ àlàárì tó pọ́n dáadáa, torí kò sí níbòmíì lójú ìwé, ojú á bá a kíákíá, ọ̀rọ̀ funfun inú ẹ̀ náà á sì hàn. Kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ yẹn sí nǹkan mìíì o. Aṣọ tó ti tán, kó kọ “ó ti tán” sí i, kó má kàn fi pupa àti àwọ̀ ewé sàmì sí i, àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kì í yà á sọ́tọ̀. Iṣẹ́ tí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe máa parí láìtún ilé kọ́ nìyẹn, tó bá ní àfi kóun bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹlòmíì lè sọ pé kẹ́ ẹ gbé àwọ̀ bọ́tìnì méjì sí i kẹ́ ẹ wo èyí tó ń mówó wọlé. Google ṣe bẹ́ẹ̀ rí, búlúù 41 ni wọ́n dán wò, ọ̀kan nínú àwọn dísáínà wọn kọ ọ́ ní 2009 nígbà tó ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ pé ó wà lára ohun tó sú òun. Ẹgbàágbèje èèyàn ló ń lo Google lójoojúmọ́, tiyín ò tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yín á máa lọ sókè sódò torí pé ìgbéyàwó pọ̀ lóṣù Kejìlá, ẹ ó rò pé àwọ̀ ló ṣe é. Ohun tí ẹ lè dán wò ni kẹ́ ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń pè yín, kó ṣí i níta lọ́sàn-án gangan, kó ka iye owó aṣọ mẹ́ta fún yín lórí fóònù láìbi ọmọ ẹ̀ léèrè.

Ohun tó kù ni lẹ́tà àfọwọ́kọ yẹn. Kẹ́ ẹ tó san owó ìkẹyìn fún dísáínà, ẹ ní kó fún yín ní ìwé àṣẹ fọ́ǹtì náà. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n máa ń wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ó wà nínú ìwé wọn pé téèyàn bá fẹ́ fi ṣeré nílé ló jẹ́ ọ̀fẹ́, tó bá ti dórí ọjà, ẹ máa sanwó. Ẹ ń tajà sí Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ yín ló wà lórí wẹ́bùsáìtì, kì í ṣe orúkọ ẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí. Tí kò bá rí ìwé náà mú wá, kó yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ní Abẹ́òkúta yín níbẹ̀ kó fọwọ́ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sórí bébà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yà á wọ kọ̀ǹpútà.